Bàálù Tó Ń Wọnú Ìjì: Kí Ni Wọ́n Ń Wá Lọ?

Ẹni tó bá ń gbé ní Biloxi, ní ìpínlẹ̀ Mississippi l'Amẹ́ríkà, kì í pẹ́ kí etí rẹ̀ tó mọ ìró bàálù. Ibùdó ọmọ ogun òfuurufú Keesler wà láàárín ìlú gan-an, àdúgbò wa kò sì jìnnà sí i, nítorí náà orí òrùlé wa ni púpọ̀ nínú àwọn tó bá gbéra níbẹ̀ ń gbà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà títí dé òpin oṣù Kọkànlá, tí í ṣe àsìkò ìjì, kò sí wákàtí tí wọn ò lè gbéra: òru ni o, àfẹ̀mọ́jú ni o, ọ̀sán gangan ni o. Bàálù ńlá aláwọ̀ eérú ni, ẹ́ńjìnnì mẹ́rin, fáànù ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ní apá mẹ́fà, ìró rẹ̀ a sì máa mú gíláàsì fèrèsé gbọ̀n. Àlejò a máa bínú sí i. Onílé kì í sábà bínú, torí ó mọ̀ pé ibi tí gbogbo bàálù yòókù ń sá fún ni eléyìí ń forí lé.

Ọ̀rọ̀ wọn ti dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Nínú ẹbí tèmi nìkan, mo ti gbọ́ pé wọ́n ń lọ yìnbọn sí ìjì, mo ti gbọ́ pé wọ́n ń darí rẹ̀ sí ìlú ẹlòmíì, mo sì ti gbọ́ pé wọ́n kàn ń fi ẹ̀mí ara wọn wewu lásán nígbà tí sátẹ́láìtì wà lókè tó ń rí ohun gbogbo. Ó yẹ ká tú u palẹ̀.

Iṣẹ́ wíwọ̀n ni wọ́n ń lọ ṣe. Wọ́n ń wọn ìjì náà bó ṣe lágbára tó, wọ́n ń wá ibi tí àárín rẹ̀ wà ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, wọ́n sì ń wo ibi tó dojú kọ. Ìbọn kò sí níbẹ̀, oògùn kò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n ń kó bọ̀.

Ìjì tí a ń pè ní hurricane ni ìjì ràbàtà tó ń yí po lórí òkun gbígbóná, tí atẹ́gùn rẹ̀ ń sáré tó máìlì 74 ní wákàtí kan, ó kéré tán. Ìpele márùn-ún ni wọ́n pín in sí. Ìpele kẹta, tí wọ́n ti ń kà á sí ìjì ńlá, bẹ̀rẹ̀ láti máìlì 111. Ìpele karùn-ún bẹ̀rẹ̀ láti 157, kò sì ní òpin lókè. Àárín rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ojú ìjì, níbi tí gbogbo nǹkan ti dákẹ́. Ohun tó yí ojú yìí ká ni ògiri rẹ̀. Inú ògiri yìí ni atẹ́gùn ti le jù, òun sì ni bàálù gbọ́dọ̀ là kọjá kó tó dé àárín.

Ẹgbẹ́ méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, àwọn èèyàn sì máa ń kà wọ́n sí ọ̀kan. Àwọn ti Keesler ni 53rd Weather Reconnaissance Squadron, lábẹ́ 403rd Wing. Ọmọ ogun òfuurufú Reserve ni wọ́n, ìyẹn ni pé púpọ̀ nínú wọn ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n á fi sílẹ̀ bí ìjì bá ti ń bọ̀. Bàálù WC-130J mẹ́wàá ló wà lọ́wọ́ wọn. Ẹgbẹ́ kejì kì í ṣe ti ológun: NOAA ni, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òkun àti ojú ọjọ́, tí bàálù tiwọn wà ní Lakeland, ní Florida, láti ọdún 2017. Wọ́n ní P-3 Orion méjì tí wọ́n sọ ní Kermit àti Miss Piggy, wọ́n sì ní Gulfstream kan tó ń jẹ́ Gonzo. (Bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ àwọn ọmọláńgidi orí tẹlifíṣọ̀n ni.) Gonzo kì í wọ inú ògiri ìjì ní ìsàlẹ̀ bí àwọn yòókù. Òkè téńté, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 45,000, ló ti ń fò, tó ń wo àwọn afẹ́fẹ́ ńlá tó ń ti ìjì síbí sọ́hùn-ún. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣọ́ hurricane ní Miami, National Hurricane Center, ló ń sọ fún ẹgbẹ́ méjèèjì pé ibí ni kí ẹ lọ, aago báyìí ni kí ẹ débẹ̀.

Ṣé sátẹ́láìtì kò wá tó ni? Ìbéèrè gidi ni, torí sátẹ́láìtì ń ya àwòrán ìjì tọ̀sán tòru. Àmọ́ orí ìkùukùu ló ń rí. Ẹni tó dúró lójúde, tó ń wo èéfín tó ń jáde nílé ìdáná, lè mọ̀ pé wọ́n ń dáná. Kò lè mọ̀ bóyá ọbẹ̀ ti ń jóná. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ máa ń wo bí ìkùukùu ṣe tò, bó ṣe yí, bí orí rẹ̀ ṣe tutù tó, kí wọ́n fi ṣírò bí atẹ́gùn ìsàlẹ̀ ṣe máa le tó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìṣirò yìí ń bọ́ sí i. Ìgbà tí kò bá bọ́ sí i ni wàhálà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1989. Kermit yẹn gan-an wọ inú Hurricane Hugo ní ìlà-oòrùn erékùṣù Barbados. Kò tíì sí bàálù kankan tó wọ ìjì náà ṣáájú wọn. Ìṣirò sátẹ́láìtì nìkan ló wà nílẹ̀, ìṣirò ọ̀hún kò sì sọ pé ó le tó bí wọ́n ṣe bá a. Ẹsẹ̀ bàtà 1,500 péré ni wọ́n ti wọlé, ibi tó sún mọ́ òkun jù fún irú ìjì bẹ́ẹ̀. Ìpele karùn-ún ni wọ́n bá pàdé. Nínú ògiri ìjì, ìjì gbé bàálù sókè, ó jù ú sílẹ̀, ohun tí wọn kò dè fò káàkiri inú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kẹta gbiná. Páílọ́ọ̀tì pa ẹ́ńjìnnì náà, ó sì gbá bàálù mú títí tí wọ́n fi jábọ́ sínú ojú ìjì. Ó wá ku bí wọn yóò ṣe jáde. Wọ́n ń yí po nínú ojú ìjì náà, wọ́n ń gòkè díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń da epo nù kí ara bàálù lè fúyẹ́, títí tí bàálù ọmọ ogun òfuurufú kan fi bá wọn wá apá ibi tí ògiri ìjì ti rọ̀ díẹ̀ tí wọ́n lè gbà jáde. Gbogbo wọn ló délé láàyè.

Èyí tó tún sún mọ́ wa ni Hurricane Otis, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Àsọtẹ́lẹ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrìnlélógún kò sọ pé nǹkan ńlá ló ń bọ̀ wá bá Acapulco ní Mẹ́síkò. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni bàálù wọ inú rẹ̀, ló bá rí i pé ìjì náà ti kúrò ní ohun tí wọ́n rò. Láàárín òru ló wọ ìlú ní ìpele karùn-ún. Ìkìlọ̀ tó tọ́ dé, àmọ́ wákàtí mélòó kan ló kù. Èmi máa ń rántí Otis nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé owó epo bàálù yìí ti pọ̀ jù.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nínú bàálù? Èèyàn márùn-ún ló wà nínú WC-130J: páílọ́ọ̀tì àti igbákejì rẹ̀, ẹni tó ń fi rédà wá ọ̀nà láàárín òjò, onímọ̀ ojú ọjọ́, àti loadmaster tó wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ. Ìrìn àjò kan lè gba wákàtí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò le rárá: lílọ ni, bíbọ̀ ni, kọfí ni, ìwé kíkà ni. Bí ìjì bá jìnnà sí Mississippi, wọ́n á kó lọ sí erékùṣù St. Croix ní òkun Caribbean, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ gbéra.

Tí wọ́n bá dé ẹ̀bá ìjì, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10,000 bí ìjì náà bá le, tàbí ìsàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ bó bá ṣì jẹ́ ọmọdé. Wọ́n á wá fò bí ẹni ń kọ lẹ́tà X sórí ìjì náà: wọn á gba igun kan wọlé, wọn á la àárín kọjá, wọn á jáde ní igun kejì, wọn á fò gba ẹ̀gbẹ́, wọn á tún wọlé láti igun kẹta. Apá kọ̀ọ̀kan X yìí gùn tó máìlì òkun 105 láti àárín. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá la àárín kọjá ni wọ́n tún ń mọ̀ bóyá ìjì náà ti lágbára sí i láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta yẹn, tàbí ó ti ń rọ̀.

Inú ògiri ìjì ni gbogbo ẹnu ti ń dákẹ́. Òjò ń lu gíláàsì débi pé ẹ kò ní rí imú bàálù, apá bàálù ń mì, páílọ́ọ̀tì ń fi ọwọ́ méjèèjì di ọkọ̀ mú, ẹni rédà ń sọ fún un pé kó yà sósì díẹ̀, torí àwọ̀ pupa kan wà níwájú tí kò fẹ́ràn. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ yóò là wọ inú bàálù lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìjì náà bá le dáadáa tí ojú rẹ̀ sì là, ògiri ìkùukùu funfun ni yóò yí wọn ká, tó ga kọjá ibi tí wọ́n wà lọ sókè réré. Ojú ọ̀run aláwọ̀ aró wà lórí, òkun tó ń ru gùdù wà nísàlẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n a rí àwọn ẹyẹ òkun tí ìjì ti há mọ́ ibẹ̀, tí wọn kò rí ọ̀nà jáde.

Kò sí àkókò láti máa wòran púpọ̀. Onímọ̀ ojú ọjọ́ ń wo nọ́ńbà atẹ́gùn lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ bó ṣe ń já wálẹ̀, ó ń sọ fún páílọ́ọ̀tì pé kó yà díẹ̀, kó tún yà díẹ̀, títí dé ibi tí atẹ́gùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo, kó tó yí padà máa fẹ́ láti òdìkejì. Ibẹ̀ ni àárín gan-an. Ó á sàmì sí i, loadmaster á sì ju dropsonde sílẹ̀.

Dropsonde yìí ni mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń gbé létí òkun mọ̀, torí òun ló ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ọ̀pá kékeré kan ni, ó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ díẹ̀, inú ihò kan ni wọ́n ń kì í bọ̀ tí atẹ́gùn á fi fà á síta. Bó bá ti jáde, páráṣúùtì kékeré kan á ṣí lórí rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ̀ sínú òkun. Bó ṣe ń já bọ̀ ni ó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe gbóná tó, bí omi inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ tó. GPS inú rẹ̀ sì ń fi bí atẹ́gùn ṣe ń gbé e káàkiri mọ bí atẹ́gùn ọ̀hún ṣe ń sáré tó. Láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, á ti fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún nọ́ńbà ránṣẹ́ sí bàálù. Tó bá kan omi, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ẹnikẹ́ni kì í lọ gbé e mọ́.

Ẹ̀rọ mìíràn tún wà lábẹ́ apá bàálù tó ń wo ojú òkun. Bí atẹ́gùn bá ṣe le tó ni ìfófó funfun á ṣe bo orí omi tó, ìfófó yìí sì ń tú irú ìtànṣán kan jáde tí ojú kò rí, àmọ́ tí ẹ̀rọ náà ń kà. Ohun tó bá kà ni wọ́n fi ń mọ atẹ́gùn tó wà lójú òkun gan-an, ibi tí ilé àti ọkọ̀ ojú omi wà.

Nínú gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí, èyí tó máa ń dààmú àwọn èèyàn jù nígbà tí wọ́n bá ń gbọ́ ìròyìn ni millibar. Ẹ jẹ́ ká ṣe é wẹ́rẹ́. Afẹ́fẹ́ wúwo, ó ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ lásán létí òkun, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn tó nǹkan bí 1,013 millibar. Nínú ojú ìjì, afẹ́fẹ́ fúyẹ́, nọ́ńbà náà á lọ sílẹ̀. Bó bá sì ṣe lọ sílẹ̀ tó ni afẹ́fẹ́ àyíká á ṣe sáré wọlé tó. Nítorí náà nọ́ńbà kékeré ni ìjì ńlá. Èyí tó kéré jù tí wọ́n tíì wọ̀n rí lórí òkun Àtìláńtíìkì ni 882, nínú Hurricane Wilma ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005, àwọn ará Keesler ló sì wọ̀n ọ́n. Ojú ìjì Wilma lọ́jọ́ náà kò fẹ̀ ju nǹkan bí máìlì òkun méjì lọ. Èèyàn lè la ojú ìjì bẹ́ẹ̀ kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan. Èyí tó kéré jù ní gbogbo àgbáyé ni 870, tí bàálù WC-130 kan wọ̀n nínú ìjì Tip lórí òkun Pàsífíìkì ní ọdún 1979.

Màámi pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí mo fi fídíò kan ránṣẹ́ sí wọn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé: “Ṣé àwọn ọmọ yẹn ní ìyá ni?” Mo ní, “Wọ́n ní ìyá, màámi.” Wọ́n ní, “Kí ló dé tí bàálù náà kì í fọ́?”

Ìdáhùn rẹ̀ máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Wọn kò fi irin mìíràn kún ara bàálù náà rárá. Ilé ń wó nínú ìjì nítorí pé ilé dúró lójú kan, tí atẹ́gùn sì ń rọ́ lù ú. Bàálù kò dúró lójú kan. Inú atẹ́gùn náà ló wà, atẹ́gùn sì ń gbé e lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú atẹ́gùn hurricane ni ó ń fẹ́ lọ ní ìbú, kì í ṣe sókè sódò. Páílọ́ọ̀tì á kọjú imú bàálù díẹ̀ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, á dín eré kù, á sì máa rìn gẹ̀gẹ́rẹ̀gẹ́ kọjá. Ohun tó ń pa bàálù ni ibi tí atẹ́gùn bá ti ṣàdédé gbé e sókè kó tún jù ú sílẹ̀, irú èyí tó bá Kermit nínú Hugo. Ìdí nìyẹn tí ẹni rédà fi ṣe pàtàkì, ìdí nìyẹn náà tí wọn kì í fi bá ìjì fò ní ìsàlẹ̀ tó bá ti wọ orí ilẹ̀, torí òkè àti igi ń da atẹ́gùn rú.

Mi ò lè sọ fún màámi pé kò sí ẹni tó kú rí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1955, bàálù Neptune kan ti ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà gbéra láti Guantánamo ní Kúbà lọ wọ inú Hurricane Janet. Òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú oníròyìn méjì láti Kánádà. Wọn kò padà wá mọ́. Òun nìkan ni bàálù irú rẹ̀ tó sọnù nínú hurricane Àtìláńtíìkì. Àwọn yòókù tó sọnù, inú ìjì Pàsífíìkì ni. Èyí tó kẹ́yìn ni ti oṣù Kẹwàá ọdún 1974, nínú ìjì Bess, níbi tí èèyàn mẹ́fà ti lọ. Láti ìgbà náà, gbogbo ẹni tó wọlé ló ń jáde.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí sì jẹ́ ohun tí ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1943, ní pápákọ̀ Bryan ní Texas, Joseph Duckworth tó ń kọ́ àwọn páílọ́ọ̀tì bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ nìkan fò, láìwo ìta, bá àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ jiyàn. Wọ́n ní bàálù kékeré AT-6 tó fi ń kọ́ wọn kò ní lè fara da ìjì. Ìjì kan sì ń bọ̀ ní Galveston lọ́jọ́ náà. Ló bá mú Ralph O'Hair dání, ó gbéra, ó wọ inú rẹ̀, ó sì jáde. Bó ṣe dé, onímọ̀ ojú ọjọ́ ibùdó náà ní kí wọ́n gbé òun náà lọ, ó tún padà wọ̀ ọ́ nígbà kejì.

Ó wá ku èyí tí wọ́n ń pín kiri lórí fóònù. Lẹ́yìn Hurricane Milton ní ọdún 2024, àbúrò mi kan ní Houston fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní bàálù àdúgbò yín ló ń da nǹkan sínú ìjì kó lè lọ bá àwọn tí ìjọba ò fẹ́.” Ọ̀rọ̀ yìí ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Láti ọdún 1962 sí 1983, ìjọba Amẹ́ríkà ní ètò kan tó ń jẹ́ Stormfury, tí wọ́n ti ń fi bàálù da oògùn kan tí wọ́n ń pè ní silver iodide sínú ìkùukùu ìjì, kí omi inú rẹ̀ lè di yìnyín, kí ògiri ìjì lè tú ká, kí atẹ́gùn lè rọ̀. Wọ́n dán an wò nínú ìjì bíi Debbie ní 1969. Fidel Castro fẹ̀sùn kan wọ́n nígbà náà pé wọ́n fẹ́ fi ìjì ṣe ohun ìjà. Kò kúkú ṣiṣẹ́. Wọ́n rí i pé omi tó tutù débi tó yẹ kó ti dì, àmọ́ tí kò tíì dì, èyí tí oògùn náà nílò, kò pọ̀ nínú hurricane, wọ́n sì tún rí i pé ògiri ìjì ń tú ká fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn, tí òmíràn á tún yọ lẹ́yìn rẹ̀, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ńbẹ̀. Ohun tí wọ́n rò pé àwọn ṣe, ìjì ló ń ṣe é. Wọ́n pa ètò náà tì. Ohun tó ń jábọ́ láti inú bàálù Keesler lónìí ni dropsonde, kò sì lè dí èékánná ìjì lọ́wọ́.

Àwa tí a wá láti ilẹ̀ Yorùbá tún ní ohun kan tí a lè fi lóye ìjì yìí ju àwọn aládùúgbò wa lọ, torí ọ̀dọ̀ wa lọ́hùn-ún ni púpọ̀ nínú wọn ti ń bọ̀. Ní àsìkò òjò, ìgbì afẹ́fẹ́ máa ń ṣẹ̀ láti apá Sudan àti òkè Ethiopia, a gba Chad, Niger àti àríwá Nàìjíríà, a kọjá Mali, a já sí òkun létí Senegal. Bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún bá kọjá, òmíràn á tún dé. Nǹkan bí ọgọ́ta ló ń kọjá lọ́dún. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé ìlà-oòrùn ni a ti máa ń rí i tí òjò ńlá ń ṣú bọ̀ ní Ìlọrin tàbí Ṣakí, tí ìjì eléruku á ṣáájú rẹ̀, tí á sì forí lé ìwọ̀-oòrùn. Púpọ̀ nínú ìgbì yìí ń kú lójú omi. Èyí tó bá bá omi gbígbóná pàdé, tí afẹ́fẹ́ òkè kò sì fà á ya, lè di hurricane. Hugo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Kermit kúrò létí Áfíríkà ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ló ti wà nítòsí Barbados ní ìpele karùn-ún.

Kí ló dé tí kì í fi ja Èkó? Ìjì náà nílò yíyí ilẹ̀ ayé kó tó lè yí po, agbára yíyí yẹn sì kéré gan-an nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, níbi tí Èkó wà. Afẹ́fẹ́ tó ń gbé ìgbì náà tún ń gbé e lọ síwọ̀-oòrùn, kúrò lọ́dọ̀ wa. Àwọn ará wa tí wọ́n kó lọ sí Kúbà ló wá ń pàdé rẹ̀ níwájú. Kò yà mí lẹ́nu pé Ọya, ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀ tí ń dági lókè-lókè, ṣì ní ìjì níkàáwọ́ lọ́dọ̀ àwọn Lukumí, ìyẹn àtọmọdọ́mọ wọn níbẹ̀, títí dòní.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Biloxi. Ohun tó ń mú mi bọ̀wọ̀ fún àwọn ará Keesler jù kì í hàn nínú fídíò. Bí ìjì bá dojú kọ ìlú yìí fúnra rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kó bàálù kúrò kí omi má baà bò ó, kí wọ́n sì máa fò láti ibòmíràn. Ìyẹn ni pé ọkọ á gbéra, ìyàwó á máa kan pákó mọ́ fèrèsé. Tàbí ìyàwó ni yóò gbéra, tí ọkọ á kó àwọn ọmọ sọ́kọ̀. Nígbà tí Katrina dé ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2005, omi wọ ibùdó náà, àwọn kan lára wọn pàdánù ilé. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ láti ibùdó Dobbins ní Georgia, wọn kò sì pa iṣẹ́ kan ṣoṣo jẹ nínú èyí tí Miami rán wọn. Tí mo bá rí wọn ní ṣọ́ọ̀bù nínú aṣọ ìfòfuurufú, tí wọ́n ń ra búrẹ́dì àti omi bíi tiwa, mo máa ń kí wọn kú iṣẹ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa lọ. Ìjì kan wà níbì kan.

Ẹni tó bá fẹ́ jàǹfààní nọ́ńbà wọn, kó mọ̀ pé àwòrán ìjì tó dà bí àdó tí tẹlifíṣọ̀n ń fi hàn kò sọ bí ìjì náà ṣe fẹ̀ tó. Ibi tí àárín ìjì lè gbà ló ń sọ, kò sì ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìgbà lọ tí àárín náà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn ìlà àwòrán náà ṣì lè rí omi àti atẹ́gùn tó pọ̀. Bí bàálù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ìjì kan lemọ́lemọ́, nígbà mìíràn ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ fi ọkàn sí àsọtẹ́lẹ̀ tó bá jáde lẹ́yìn rẹ̀ ju èyí tẹ́ ẹ gbọ́ lánàá lọ. Lórí rédíò, TEAL ni wọ́n ń pe àwọn bàálù Keesler. Ẹ lè rí orúkọ yìí pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìkànnì tó ń tọpa bàálù.

Apá ìwọ̀-oòrùn òkun Pàsífíìkì kò ní àǹfààní yìí mọ́. Ọdún 1987 ni Amẹ́ríkà dá irú bàálù bẹ́ẹ̀ dúró lọ́hùn-ún, ìṣirò sátẹ́láìtì ni Philippines ń gbára lé jù láti ìgbà náà, èmi ò sì rò pé ó bójú mu. Ní tiwa, NOAA ti ní kí Lockheed Martin kọ́ C-130J méjì láti gbapò Kermit àti Miss Piggy, tí wọ́n ti ń fò láti nǹkan bí ọdún 1976. Àwọn ti Keesler kì í sì sinmi nígbà òtútù. Wọ́n ń lọ wọn òjò ńlá tó ń bọ̀ láti òkun wá sí California. Nígbà ìrúwé, ṣáájú àsìkò ìjì, wọ́n máa ń gbé bàálù náà lọ sí àwọn ìlú etí òkun fún Hurricane Awareness Tour, níbi tí ẹnikẹ́ni lè wọ inú rẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ dání, kí wọ́n lè bi loadmaster ní ìbéèrè nípa dropsonde.